Lẹ́tà Ńlá Bàbá Sùúrùlérè

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, tí àlejò bá ti jẹun tán, Bàbá Sùúrùlérè máa ń ní kí ìyàwó wọn gbé fóònù rẹ̀ wá. Wọ́n á gbé awò sójú, wọ́n á wá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí wọn láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì máa kà á sókè fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. "i don close shop. i dey come. i buy bread." Gbogbo I tó wà níbẹ̀, kékeré ni. Tí wọ́n bá kà á tán, wọ́n á na fóònù náà sí àlejò tó sún mọ́ wọn jù, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

"Ẹ wò ó," wọ́n á ní. "Obìnrin yìí mọ ara ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Òun fúnra ẹ̀ ló mọ bóun ṣe kéré tó."

Àwọn àlejò á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó wọn náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á gba fóònù rẹ̀, á kó àwọn abọ́ tó ṣófo, á sì wọ kíṣìnì lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Sùúrùlérè. Mushin ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, nílé Mùsùlùmí kan tí bàbá wọn ti ń kan bẹ́ẹ̀dì níwájú ìta. Bàbá mi jogún iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ló kàwé. Wọ́n di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́lé sí Sùúrùlérè, nígbà tí wọ́n sì fẹ̀yìn tì, wọ́n sọ páálọ̀ wọn di kíláàsì fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì, bàbá mi di ẹrù mi, wọ́n ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn títí ọpọlọ mi yóò fi là.

Àǹtí la máa ń pe ìyàwó náà, torí Bàbá ní "Ìyá" ti ní ìdọ̀tí oko lára jù. Ó ń ta báàgì ilé-ìwé àti bàtà ọmọdé ní Yaba. Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" sọ̀rọ̀ Àǹtí níbí, bí mo ṣe ń fi í sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀. Àgbà ni lójú mi. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n má fi í pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, torí náà mo ń ṣe é fún un nínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá máa ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni ẹ̀kọ́ lórí I. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan lóòró sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á na ẹ̀yìn wọn ṣánṣán.

"Kí lẹ rí?"

Wọ́n á fúnra wọn dáhùn.

"Èèyàn lẹ rí. Ó dúró. Kò fara ti ẹnikẹ́ni. Òyìnbó mọ̀ pé kí ayé tó wà, èmi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà, torí èmi ni mò ń wo ayé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kó bọ́ sí nínú gbólóhùn, lẹ́tà ńlá ni. You ńkọ́? Kékeré. She? Kékeré. They? Wọ́n pọ̀ lọ bí eṣú, síbẹ̀ kékeré ni wọ́n. Ẹni méjì péré ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ga bẹ́ẹ̀: Ọlọ́run, nígbà tí wọ́n bá pè É ní He, àti èmi." Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àyà wọn. "Ọlọ́run àti èmi."

Ẹni tó bá kọ i kékeré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yẹn, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti parí kíláàsì. Ọmọbìnrin kan máa ń wá láti Ìwáyà, ọmọ apẹja. Ó gbọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́ lẹ́tà ńlá. Bàbá ní tó bá jẹ́ pé bó ṣe rí ara ẹ̀ nìyẹn, kó sọ̀kalẹ̀ sí ìwọ̀n ara ẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń kọ̀wé, àga rẹ̀ ló fi ṣe tábìlì, àwọn tó kù ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Bàbá bi kíláàsì pé i kékeré wa dà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín torí pé ó yẹ ká rẹ́rìn-ín.

Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí tí mo bá ń fọ aṣọ. Yorùbá ò ní irú I bẹ́ẹ̀. Mo, mi, èmi: kò sẹ́ni tó ń gbé wọn ga. Ẹlòmíì là ń gbé ga. Àgbà kan ṣoṣo á wọlé, a ó sì kí i bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ló dé: ẹ káàbọ̀, ṣé ẹ ti jẹun? Ó dà bíi pé Òyìnbó gbé ọlá tiẹ̀ sórí ìwé fún ara rẹ̀, àwa sì gbé tiwa sórí ahọ́n fún ọmọnìkejì. Bàbá Sùúrùlérè ò yan ọ̀kan. Wọ́n gba méjèèjì. Tó bá dórí ìwé, wọ́n á jẹ́ I. Tó bá dórí ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n á jẹ́ ẹ, ẹni tó bá sì gbàgbé yóò kábàámọ̀.

Àwọn ìrònú wọ̀nyí ló tì mí sínú ọ̀fìn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán ni, Bàbá ṣì wà lórí ẹní, mo sì rò pé ara wọn balẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Tá a bá ń ṣàdúà, 'o' la máa ń pe Ọlọ́run. A máa ń ní, 'Ọlọ́run, o ṣeun.' Kí ló wá dé tá a fi ń pe ẹ̀yin ní 'ẹ'?"

Mo rò pé ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo tiẹ̀ ti ń retí kí wọ́n yìn mí. Ọwọ́ wọn bà mí létí kí n tó rí i pé wọ́n gbé e. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ń ká ẹní wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọlọ́run kì í tètè bínú," wọ́n ní. "Èmi máa ń bínú."

Àǹtí ló bá mi fi aṣọ tútù lé etí ní kíṣìnì. Ó tilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìbéèrè ẹ dáa. Ẹni tó o bi ni ò dáa."

Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé nílé àwọn ní Ìjẹ̀bú, kò sí ẹ fún ẹnì kan. "Bàbá tó bí mi, 'o' ni mò ń pè é. Ìyá bàbá mi tí ò léyín lẹ́nu mọ́, 'o' ni. Kì í ṣe àrífín. Ìkúnlẹ̀ la fi ń bọ̀wọ̀, kì í ṣe ẹnu." Ó ní nígbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, òun sì yọ̀ mọ́ wọn: O ti dé? Bàbá wò ó, wọ́n yí padà, wọ́n jáde, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Wọ́n tún kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. O ti dé? Wọ́n tún jáde. Wọn ò sọ ohun tó ń bí wọn nínú. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú ní kọ́rídọ̀. Ọkùnrin kan nínú wọn ló ṣàánú rẹ̀ tó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí pé, "Ìyàwó, ẹ ni kó o sọ." Ó sọ ọ́. Bàbá wọlé, wọ́n sì béèrè oúnjẹ.

"Ìyẹn kéré," Àǹtí ní. "Lọ́jọ́ tí mò ń rọbí, ó le gan-an. Mo pariwo pé, 'O ò rí mi ni?' Wọ́n dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, 'Ẹ ò rí mi ni.' Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bá wí. Àṣé gbólóhùn mi ni wọ́n ń tún ṣe. Mo tún un sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó di ọwọ́ mi mú."

Ọmọ tó bí lọ́jọ́ náà ló wà ní Kánádà báyìí.

Ó ká aṣọ tútù náà kúrò, ó yẹ etí mi wò. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ iyọ̀.

"Tó bá ku èmi àti ẹ nìkan, máa pè mí ní o. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ràn mi."

Mo gbìyànjú. Mo la ẹnu. "Àǹtí, o..." Mo tètè yí i padà: "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bu gààrí wá.

Mo yege ìdánwò náà, mo sì wọ ilé-ìwé gíga kan ní Yaba, ṣùgbọ́n mi ò kúrò nílé wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti kíláàsì, mo bá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ níta géètì, wọ́n ń sunkún. Bàbá ti ṣubú síwájú bọ́ọ̀dù. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí ọsibítù fi máa dá wọn sílẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ tiwọn mọ́, ọ̀rọ̀ kankan ò sì jáde, àfi ohùn kan bíi ti ẹni tó ń yọ omi lẹ́nu. Dókítà ní ká má tìtorí ìyẹn máa sọ ìsọkúsọ lójú wọn o, torí gbogbo ohun tí à ń sọ ló ń yé wọn.

"Gbogbo ẹ̀?" Àǹtí béèrè.

"Gbogbo ẹ̀, mà. Orí wọn pé."

"Wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Àǹtí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà.

A gbé Bàbá délé, a tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá mi kàn fún wọn. Àwọn tó bá wa gbé wọn ti lọ. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ká aṣọ. Àǹtí gbé ife dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀.

"O fẹ́ omi?"

Mo dúró. Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Bàbá náà dúró, bí ẹni tó ti dùbúlẹ̀ ṣe lè dúró: wọ́n tẹjú mọ́ ọn, ojú wọn ò sì ṣẹ́.

"O fẹ́ ẹ àbí o ò fẹ́ ẹ?"

Ohùn yẹn jáde lọ́fun wọn, ó gùn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè. Àǹtí dì í mú jẹ́jẹ́, ó gbé e padà sórí ìbora, ó sì fi ife kàn wọ́n lẹ́nu. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Wọ́n mu.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, "o" ni. O ti jí. O ti ṣu. Yí ìdí ẹ. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́jú wọn. Ó ń fọ̀ wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dégbò, ó ń lọ ẹja kúnná kí egungun má baà há wọn lọ́fun. Kò gbé ohùn sókè sí wọn rí. Ọmọkùnrin kan máa ń wá láti ọsibítù láti máa na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ. Àǹtí á kí i pé, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè díẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ó ń ṣe bíi pé ó ń dùn ún." Ọmọkùnrin náà á máa wo ilẹ̀. Kódà ẹni tó ń ti bárò omi wọ àdúgbò, ẹ ni Àǹtí ń pè é, á sì pè é lẹ́bàá fèrèsé tí bẹ́ẹ̀dì wà, kí ohùn rẹ̀ lè dénú yàrá.

Bàbá mi wá láti Mushin, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dìde.

"Ìyàwó wa, ẹ̀gbọ́n mi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni mo sọ tí ò dáa, sà?"

"'Ó' lò ń pè wọ́n. Lójú mi báyìí."

"Bá a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa ní Ìjẹ̀bú nìyẹn, sà. Bí mo ṣe ń bá bàbá tó bí mi lọ́mọ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín wá ju bàbá mi lọ ni?"

Òótọ́ ni Àǹtí sọ. Ibi tó ti dun èèyàn nìyẹn: kò sí ohun tó sọ tí kì í ṣe òótọ́. Bàbá mi wo ẹ̀gbọ́n wọn. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n wọn. Àǹtí yọ aṣọ ìnujú, ó nù ún.

Nígbà tó yá, ọmọ wọn ní Kánádà ní ká gbé fóònù fún Bàbá, bóyá wọ́n á lè máa fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀rọ̀. Ó gbà wọ́n lákòókò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tẹ̀. Wọn ò kọ Yorùbá sílẹ̀ rí láyé wọn, wọ́n ní kò wúlò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí Àǹtí, tí inú wọn dùn sí débi pé orí wọn ń mì, ni pé kó bọ̀wọ̀ fún wọn tó bá ń sọ̀rọ̀: Respect me when you talk.

Àǹtí kà á, ó gbé e wá fún mi.

"You ló kọ síbí, àbí? Ó dáa. You yẹn, 'o' ni àbí 'ẹ' ni?"

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ò pín in, ọ̀kan náà ni fún ọba àti ọmọ ọwọ́.

Ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé o gbọ́? Èdè tó o fẹ́ràn ò ní ẹ. You kan náà fún gbogbo ayé, kékeré sì ni. Ìwọ lo kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń pè ọ́ náà nìyẹn."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún tẹ nǹkan sí i. Mo wà níbẹ̀. Ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ò sí lórí fóònù wọn, wọn ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń wá a. Wọ́n tẹ̀ é bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́: Say E. Lẹ́tà kan, ńlá, ó dá dúró. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo rí i lójú Àǹtí pé ó yé òun náà.

Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó tún ìró rẹ̀ ṣe.

"Íì," ó ní, bí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń kà á. "Íì. Ṣé mo pè é dáadáa?"

Bàbá gbọn orí. Ọwọ́ òsì wọn ń lu ìbora.

"Kò dáa tó? Kí n tún un pè? Íì. Íì fún ẹ́ẹ̀gì. Jọ̀ọ́, tíṣà, má bínú sí mi, mi ò kàwé púpọ̀. Íì."

Ó ń pè é lọ báyìí, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, títí ọwọ́ yẹn fi dẹwọ́. Mo ní, "Àǹtí, ó tó, ẹ jọ̀ọ́." Ó dúró di ìgbà tí Bàbá di ojú, ó sì dìde lọ gbé ẹ̀kọ wọn kaná.

Lọ́dún yẹn ni olùkọ́ wa kan nílé-ìwé ṣàlàyé I fún wa, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti Bàbá. Ó ní kì í ṣe ìgbéraga ló gbé e ga, ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ da ìwé kọ, i kékeré tó bá dá dúró tín-ínrín jù, ojú ń fò ó, ó sì lè so mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn kó má baà sọnù. Ó ní àwọn èèyàn kan wà nílùú Òyìnbó tó jẹ́ pé "ẹ" ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ, wọ́n sì ń kọ "èmi" ní kékeré.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á dùn mọ́ Bàbá, torí wọ́n fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Bí mo ṣe ń fún wọn ní ẹ̀kọ lọ́sàn-án, mo rò ó fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ parí. Wọ́n tì ṣíbí kúrò lẹ́nu, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọn ò sì jẹ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àǹtí bi mí ohun tí mo sọ tí wọn ò fi jẹun. Mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó lè yé òun.

"Torí pé ó tín-ínrín ni wọ́n ṣe gbé e ga?"

"Bí olùkọ́ wa ṣe sọ nìyẹn."

"Kó má baà sọnù."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ṣeun. Tún un sọ fún un lọ́la."

Mi ò tún un sọ. Mi ò mọ̀ bóyá òun sọ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ ni Bàbá kú, lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ara wọn mọ́ tónítóní. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Páálọ̀ kún fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ tó ń wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àǹtí jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin, ó borí, ó ń dá gbogbo wọn lóhùn.

"Wọn ò jẹ̀rora púpọ̀. Wọ́n gbìyànjú. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Mo gbọ́ 'wọ́n' yẹn. Bàbá mi náà gbọ́ ọ, wọ́n sì bú sẹ́kún, wọ́n ń sọ fún ẹni tó jókòó tì wọ́n pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn ti dárí jì wọ́n. Nígbà tí Àǹtí wọ kíṣìnì láti fọ ife, mo tẹ̀lé e.

"Àǹtí, ẹ tún ti ń pè wọ́n ní 'wọ́n'."

Ó ń ṣan ife lọ. "Àwọn tó wà ní páálọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo rò pé bóyá ẹ ti..."

"Òun ò gbọ́ mọ́," ó ní. "Tó bá lè gbọ́ ni, mi ò ní sọ ọ́."

Ó to àwọn ife sórí tíréè, ó sì gbé e jáde lọ bá wọn.

Ọmọ wọn ò ráàyè wá àfi nígbà fídáù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Yorùbá rẹ̀ ti ń ṣe bátibàti. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ géètì, ó ní òun fẹ́ bi mí ní nǹkan kan, torí pé èmi ni mo wà nílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí n má purọ́ fóun. Ṣé ìyá òun tọ́jú bàbá òun?

Mo ní, "Wọ́n tọ́jú wọn."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sunkún níbẹ̀, ó di irin géètì mú. Mi ò sọ ti 'o' fún un. Àǹtí ń pè wá láti inú ilé pé oúnjẹ ti ń tutù.